Ohun tí Àwẹ̀ró Sọ Nínú Oko Kajú

Wọ́n ti Kùtọnù wá lọ́jọ́ Ajé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn,
ọkọ̀ funfun, eruku pupa dé òrùlé rẹ̀,
wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé.
Mo nawọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì fáráńkì ni ọwọ́ ọ̀hún jẹ́.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àwẹ̀ró,
níbi tí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ti kẹ́yìn sí oko.
Ó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún,
fóònù ń fì lọ́rùn rẹ̀ nínú àpò aláwọ,
alùpùpù rẹ̀ fara ti igi kajú
bí ọkọ tó jẹun yó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé kámẹ́rà wò ó, ó mirí.
Ó ní kí n sọ fún un kó bọ́ bàtà.
Ó ní kí alùpùpù lọ sẹ́yìn igi.
Ó ní ṣé kò sí ìró tó gbó ju èyí lọ.
Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.
Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín: "Ṣé eré la fẹ́ ṣe ni?
Ejò wà nínú ewé yìí o.
Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ kó ṣán?"
Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n. Ó bọ́ ọ.

Wọ́n bi í pé: báwo ni iṣẹ́ oko?
Háà, wọ́n bi ẹni tó ti ń wá ẹni tó máa bi í!
Orí òṣùwọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀,
bí oníṣòwò ṣe ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀,
tí kílò mẹ́rin á fi yọ́ kúrò lórí àpò kan;
bí òun àti obìnrin mọ́kànlá ṣe dáwó ra òṣùwọ̀n tiwọn,
tí wọ́n gbé e dé ọjà, tí oníṣòwò bú sẹ́rìn-ín,
tó sì sanwó pé ní ọjọ́ kẹta.
Ó sọ ti iṣu tó kọ sáàárín kajú nítorí ìyàn oṣù keje,
ti iná ọ̀dàn tó jó ìlà méjì, tó tún un gbìn.
Ó ka iye tó ná, iye tó rí, láìwo ìwé.
"Sọ fún wọn pé àgbẹ̀ mọ ìṣirò," ó ní,
"òṣùwọ̀n wọn ni kò mọ̀ ọ́n."

Oòrùn ti mú. Ẹni tó gbé máìkì ń wo aago.
Ó ní: "Kí ló wí?"
Èmi náà ni mo lahùn,
mo ní: "Ó ní iṣẹ́ le."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáráńkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ìsọ̀ Ṣàbí tó ń bá wa ṣáájì fóònù,
a pé síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọdé lórí itan àgbà.
Fèrè ń sunkún. Ọwọ́ kan yọ, iṣan rẹ̀ ta bí gbòǹgbò.
Ẹsẹ̀ lásán nínú eruku.
Ọkọ́ kan tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.
Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ,
ohùn ọkùnrin kan sì jókòó lé e lórí ní Faransé:
níbí, láti ìwáṣẹ̀, ohunkóhun ò yí padà.
Wọ́n wá polówó ọṣẹ.

Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú, ó fojú wẹ́ àwòrán náà.
"Màmá ta nìyẹn? Ṣé kò bímọ ni?"
Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà.

Kò bi mí ní ohun tí mo sọ fún wọn rí.
Ṣùgbọ́n bí mo bá dé oko nígbà ìkórè,
èmi ló máa ń pè sídìí òṣùwọ̀n:
"Kà á sókè."
Mo kà á.
"Tún un kà. Ní Faransé."
Kílò méjìdínlọ́gọ́rin ati gíráàmù igba.
Mo kà á, títí kan gíráàmù.